Ímeèlì ò wọlé sórí tábúlẹ́ẹ̀tì mi mọ́, ẹ gbà mí o

Ìyá Bọ́ṣẹ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi tó wà ní Kánádà rà fún mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì ló fẹ́ dá mi lágara yìí. Ìwé ilẹ̀ mi, rìsíìtì, fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ, inú ímeèlì rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Ó kàn dédé ní òun ò gba páswọ́ọ̀dù mọ́. Mo gbé e lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Ó gbowó lọ́wọ́ mi, ó pa á, ó tàn án, ó ní ó ti gbó, kí n lọ ra òmíràn. Ṣé owó ìfẹ̀yìntì ni n óò fi rà á? Iná gan-an ò sí láti àná. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ṣíṣe?

Àkànní: Mà, irú tábúlẹ́ẹ̀tì wo ni? Ṣé Gmail ni?

Ìyá Bọ́ṣẹ̀: Èyí tó dúdú ni. Gmail ni.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ wo déètì rẹ̀. Tèmi, tí bátìrì bá ti kú tán, ọdún 2012 ló máa ń padà sí. Ímeèlì kankan ò ní wọlé àfi tí mo bá tún déètì ṣe.

Ìyá Bọ́ṣẹ̀: Déètì pé.

Abíọ́lá Dátà: Ẹ kàn ṣe reset, yóò dà bíi tuntun. Ohun tí mo ṣe sí ti bàbá mi nìyẹn.

Àkànní: Mà, ẹ má dán an wò! Reset á pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Tó bá jẹ́ POP ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tó ń kó ímeèlì wá sínú tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, àwọn ímeèlì àtijọ́ lè máà sí níbòmíràn. Ẹ wo port, ìyẹn nọ́ńbà ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà wọlé, níbi ètò àkáǹtì. 993 ni IMAP, èyí tó ń fi ímeèlì sílẹ̀ lọ́dọ̀ Google, 995 ni POP.

Abíọ́lá Dátà: Ta ló ṣì ń lo POP? Ẹ yé dẹ́rù ba ìyá arúgbó.

Ìyá Bọ́ṣẹ̀: Ta ni ìyá arúgbó? 995 ni mo rí.

Sísí Èkó: Ọmọ yín ti Kánádà ńkọ́? Àwọn ọmọ yìí! Tèmi wà ní Ìbàdàn níbí, ó tó oṣù kan kó tó gbé ìpè mi.

Ìyá Bọ́ṣẹ̀: Ẹ má bú ọmọ mi. Òun ló ṣètò rẹ̀ nígbà tó wálé ní Kérésì. Ó ní páswọ́ọ̀dù gígùn kan tí Google fúnra wọn mú wá ni òun fi sí i. Kò yọ mí lẹ́nu rárá, títí wọ́n fi já fóònù mi gbà lọ́jà tí mo sì pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà ọmọ àbúrò mi. Àbí kí n fi í sílẹ̀ fún olè?

Àkànní: Ṣé ẹ rí i! Ibẹ̀ gan-an ni. Láti 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni Google ti ní ohun tó bá ń lo orúkọ àti páswọ́ọ̀dù lásán ò ní wọlé mọ́. Lẹ́tà 16 tí ọmọ yín fi sí i, app password ni wọ́n ń pè é. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù yín gangan, gbogbo app password ló kú nìyẹn. Tábúlẹ́ẹ̀tì ò bàjẹ́. Ẹ wọ àkáǹtì Google yín lórí kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ wá "app passwords", kí ẹ ṣe tuntun. Ibi tí páswọ́ọ̀dù àtijọ́ wà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, àti ibi SMTP tí ímeèlì ń gbà jáde. Ẹ má yọ àkáǹtì kúrò o. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ya fọ́tò ìwé ilẹ̀ yẹn lójú rẹ̀.

Abíọ́lá Dátà: Reset ì bá ti parí ẹ̀ láti àárọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Pẹ̀lú ìwé ilẹ̀?

Ìyá Bọ́ṣẹ̀: Mo ti ya á. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà mi. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù tí wọ́n jí ni.

Àkànní: Ẹ ò tíì gba SIM yẹn padà?

Ìyá Bọ́ṣẹ̀: Èrò pọ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń dùn mí. Mo ra tuntun.

Àkànní: Mà, ẹ lọ ní kí wọ́n ṣe welcome back fún nọ́ńbà yẹn lọ́la. Ẹ mú NIN dání, kẹ́ ẹ sì tètè débẹ̀.