Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́ igi aṣálẹ̀

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ nípa igi kéékèèké inú aṣálẹ̀ Mojave ní Amẹ́ríkà, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní creosote bush. Ewé rẹ̀ kéré, oje kan sì ń dán lára rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ kúrò nínú rẹ̀. Bí òjò bá kàn án, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àyíká. Ọ̀kan wà tó hù yíká bí òrùka, àwọn onímọ̀ sì ṣírò pé ó ti tó nǹkan bí 11,700 ọdún! Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Àmọ́ àwọn ọmọ wa rò pé yanrìn lásán ni aṣálẹ̀. Mo ń rò ó láti kó wọn lọ sórí àpáta níbi, níbi tí erùpẹ̀ ò ti pọ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan ewé igi àbo àti igi ọrúpa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì fi wọ́n wé igi aṣálẹ̀ yẹn. Ṣé àfiwé yẹn ò ní ṣì wọ́n lọ́nà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dàn ni tiwa? Ẹ̀yin ará Kàbbà, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀, ewéko wo ló ń fara da ọ̀dá jù lórí àpáta tiyín?