Ẹ̀yin tí ẹ ti wakọ̀ ní Springfield rí, ẹ wá sọ tiyín (The Simpsons: Hit & Run)

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, a ò sì ní díìṣì nílé. Ìdílé Simpson tí wọ́n ti ń wò ní Amẹ́ríkà láti 1989, n kò mọ̀ wọ́n rí. Inú géèmù tó jáde ní 2003 yìí ni mo ti pàdé wọn, lórí PS2 ẹ̀gbọ́n mi. Kí n tó mọ̀ pé kàtúùnù kan wà tó ń jẹ́ The Simpsons, mo ti lè fojú dídì wakọ̀ láti Evergreen Terrace, òpópónà ilé àwọn Simpson, dé iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì Ọ̀gbẹ́ni Burns. Ìgbà tí mo wá rí kàtúùnù ọ̀hún lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àwọn ará ilé ń rẹ́rìn-ín, èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí Homer, bàbá ìdílé náà, ń sọ. Ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń wò, bóyá káàdì tí a máa ń ṣà jọ nínú géèmù wà lórí òrùlé.

Bàbá wa ti fòfin de géèmù GTA (Grand Theft Auto), torí ó bá wa níbi tí a ti ń wọ́ ẹnì kan jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀. Èyí kọjá lọ́wọ́ wọn. Ní Springfield, ìlú inú géèmù náà, bí o bá dá ọkọ̀ dúró lójú títì, awakọ̀ kì í jáde, ìwọ lo máa wọlé jókòó tì í, ọkọ̀ á sì máa lọ síbi tí o bá darí rẹ̀ sí. Kò sí ìbọn, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ohun tí bàbá wa ò mọ̀ ni pé èèyàn lè máa fẹsẹ̀ gbá Ned Flanders, aládùúgbò Homer, láti àárọ̀ títí dalẹ́. Bí o bá ń gbá èèyàn, tí o sì ń wó òpó iná kiri, àmì roboto tó yí máàpù ká nísàlẹ̀ á máa kún díẹ̀díẹ̀. Ó kún tán, ọlọ́pàá dé. Bí wọ́n bá mú ọ, owó ẹyọ 50 lọ nìyẹn, wọ́n á sì ní kí o máa lọ. Àbúrò mi ò gbà pé ọlọ́pàá ni wọ́n. Ó ní irú ọlọ́pàá wo ló ń gba iye kan náà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, tí kò sì ṣeé ná?

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí o. Tèmi yàtọ̀ sí tiyín, torí Peckham ní London ni wọ́n bí mi sí. BBC Two la ti máa ń wò ó nírọ̀lẹ́, kí Channel 4 tó gbà á ní 2004. Nítorí náà mo ti mọ ilé ọtí Moe, mo mọ Kwik-E-Mart, mo mọ Krusty Burger kí n tó gbé páàdì. Ẹ̀yìn wọn ni mo ń lọ wò, torí tẹlifíṣọ̀n kì í fi ẹ̀yìn ilé han èèyàn. Ohùn wọn gan-an ló sì wà níbẹ̀: Dan Castellaneta fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ fún Homer. Nígbà mìíràn màá dá ọkọ̀ dúró láìlọ síbì kankan, kí n ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Màmá mi kì í wo géèmù, àfi ìgbà tó bá kan Apu, oníṣọ́ọ̀bù Kwik-E-Mart, ní ìpele karùn-ún. Ẹ rántí pé Apu ti ń ta Buzz Cola, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ń da orí àwọn ará ìlú rú, láìmọ̀. Ẹ̀rí ọkàn wá ń dà á láàmú, ó gbọ̀nà lọ wádìí ẹni tó ń kó o wọ̀lú. Màmá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ báyìí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Látìgbà náà, bí wọ́n bá ti gba pálọ̀ kọjá, wọ́n á bi mí bóyá ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù.

* * *

Ẹ má jẹ́ ká kàn máa yìn ín o. Ìpele méje ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ìlú mẹ́ta péré ni wọ́n kọ́. Ibi tí Homer ti bẹ̀rẹ̀ ní ìpele kìíní, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé fún Marge ìyàwó rẹ̀ ní ìkẹrin, ibẹ̀ náà la tún ti parí rẹ̀ ní ìkeje. Àárín ìlú tí Bart ọmọ wọn gbà ni Apu tún gbà. Etídò tí Lisa àbúrò Bart ti ṣeré ni Bart tún padà sí ní ìkẹfà. Inú bí mi, mo ní ọbẹ̀ àná ni wọ́n ń gbóná fún wa.

Ìpele ìkeje ló pa mí lẹ́nu mọ́. Òru Halloween ni, òkú ń rìn lójú títì. Kang àti Kodos, àwọn ará òfuurufú tó wà nídìí gbogbo rẹ̀, ti gbé ọkọ̀ wọn dúró sókè ilé ẹ̀kọ́. O ní láti gbé ìdọ̀tí átọ́míìkì láti iléeṣẹ́ Burns dé abẹ́ rẹ̀, kí ó fà á sókè. Àkókò kò tó, bí o bá sì ń kọlu nǹkan jù, ẹrù á bú gbàmù. Ẹni tí kò bá ti mọ ọ̀nà àbùjá ìlú yẹn tẹ́lẹ̀, kó gbàgbé ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan l'Abẹ́òkúta ni mo ti ṣe é, níbi tí a ti ń sanwó wákàtí. Àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ti tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń pòṣé, wọ́n ń bú mi pé kàtúùnù lásánlàsàn ni mò ń fi àsìkò ṣe. Nígbà tó yá, pòṣé dáwọ́ dúró. Ẹnì kan ní, "Yà sọ́tùn-ún!" Òmíràn ní, "Rọra, rọra, òpó ńkọ́!" Kí n tó dé pápá ilé ẹ̀kọ́, gbogbo wọn ti dìde dúró. Ọkọ̀ òfuurufú fa ẹrù náà sókè, a pariwo débi pé oníṣọ́ọ̀bù sáré wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ó tó, kí n yọ síídì mi.

* * *

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ wo lẹ fi ń sá ìdíje ojú títì? Canyonero ti Marge ni tèmi. Ó wúwo, kò sẹ́ni tó lè tì í kúrò lọ́nà.

* * *

Canyonero? Àbúrò, kó o tó yí i padà ní kọ́nà kan, a ti parí ìdíje. Ọkọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ti Homer tó mi.