Re: Ẹ yọ "orí-ò-jorí" kúrò nínú ìwé yẹn

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó wà ní Oakland fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó fẹ́ fi ṣe ìwé pélébé fún àwọn òbí àti àwa ìyá àgbà tí a wá tọ́mọ níbí, kí a lè mọ bí ìpínlẹ̀ Kalifóníà ṣe ń pín owó fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó ti pe ìlànà náà ní "ìpín orí-ò-jorí", díẹ̀ ló kù kí tíì pá mi lórí.

Àbúrò, ṣé o rí "ò" kékeré tó wà láàárín yẹn? Orí ò ju orí lọ. Bí bàbá bá kú, tó bí ọmọ mẹ́sàn-án, tí a ní ká pín ogún rẹ̀ lórí-ò-jorí, ìpín mẹ́sàn-án ni, ti àkọ́bí ò ní fi kọ́bọ̀ ju ti àbígbẹ̀yìn. Bó bá sì jẹ́ ìdí-igi, ìyàwó ni a ó kà, ìdí tó bí ẹyọ kan àti ìdí tó bí mẹ́fà á gba iye kan náà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ti dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ọ̀tù tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí nígbà náà, níbi tí wọ́n ti parí ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé ní 1962: ìdí-igi ni àṣà, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí bí ìjà bá bẹ́. Ọ̀rọ̀ tó ti jẹ́jọ́ tó báyìí ti ní ìtumọ̀. A ò lè fi ṣe orúkọ fún ohun tó jẹ́ òdì rẹ̀.

Nítorí òdì rẹ̀ ni. Ohun tí òfin 2013 tí Kalifóníà fi gbé ìlànà náà kalẹ̀ ṣe gan-an ni pé ó fa "ò" yẹn tu. Orí jorí! Gbogbo ọmọ ló ní owó ìpìlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọ àgbàtọ́, wọ́n fi ìdá 20 nínú 100 owó ìpìlẹ̀ lé tiwọn. Bí irú wọn bá ju 55 lọ nínú 100 ọmọ ní àgbègbè kan, iye tó lé lórí 55 yẹn tún ní owó mìíràn: ìdá 50 nínú 100 owó ìpìlẹ̀ ni nígbà tí òfin bẹ̀rẹ̀, ó di 65 láti 2021. Ẹni tó bá jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọn á kà á. Kódà orí tí kò bá wá sí kíláàsì, wọn kì í sanwó rẹ̀, torí iye ọmọ tó ń wá lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe iye orúkọ inú ìwé. Jerry Brown, gómìnà tó fọwọ́ sí i, ti sọ ọ́ ní oṣù kìíní ọdún yẹn pé kí a ṣe bákan náà fún àwọn ọmọ tí ipò wọn ò rí bákan náà kì í ṣe ìdájọ́ òdodo. Ibo ni orí-ò-jorí wà níbẹ̀?

Bàbá wa tó kọ̀wé láti Ọ̀ṣogbo ní ká kúkú pe ètò àtijọ́ ní "ìdí-igi", ká wá orúkọ tuntun fún tòní. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìyẹn náà ò wọlé. Nínú ìdí-igi, ogún bàbá kan ṣoṣo ni gbogbo ìdí ń pín. Ní Kalifóníà ìgbà náà, oko tirẹ̀ ni ìyàwó kọ̀ọ̀kan fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Owó orí ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ilé ẹ̀kọ́, bí ilé àdúgbò rẹ bá ṣe wọ́n tó ni ìwé ọmọ rẹ ṣe máa pọ̀ tó. Ní 1968 sí 1969, Beverly Hills, ìlú àwọn olówó, ń ná dọ́là 1,231 lórí ọmọ kan, Baldwin Park, ìlú àwọn mẹ̀kúnnù, ń ná 577, bẹ́ẹ̀ owó orí tí àwọn ará Baldwin Park ń san lórí dọ́là 100 ilé wọn ju ìlọ́po méjì ti Beverly Hills lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sọ ní 1971 pé ìyẹn lòdì sófin. Ní 1978 àwọn olùdìbò dín owó orí ilé kù, ẹrù bá já lé ìjọba ìpínlẹ̀ lórí, ó wá ń gbé ìkòkò kéékèèké kalẹ̀: owó yìí fún ìwé nìkan, owó yìí fún bọ́ọ̀sì nìkan. Ọ̀pọ̀ ìkòkò wọ̀nyẹn ni 2013 fọ́.

Bàbá, ẹ ti dá mi lóhùn pé ẹ̀yin lẹ jókòó ti àwọn àgbà kóòtù ìbílẹ̀, pé èmi, tíṣà lásán ni mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ Yorùbá ní Ìbàdàn. Ká fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná.

Àbúrò, ó tún ku "owó èlé" tí o pe àfikún ìdá 20 yẹn. Mo mọ̀ pé "lé" lo rí, tí o fi "è" sí i níwájú. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ owó èlé? Ìyá tó bá kà á á rò pé gbèsè ni, pé ọmọ òun máa san án padà bó bá dàgbà. Ẹlòmíràn ní ká pè é ní "owó èènì". Ìyẹn dùn létí, mo jẹ́wọ́. Màmá mi ń ta gàrí. Yóò wọn kóńgò, yóò fi apá òsì ṣe odi yí ẹnu rẹ̀ ká kí gàrí lè ṣórí ṣonṣo, yóò dà á sínú báàgì, ẹni tó rà á á ní "Ìyá, ẹ sọ èènì sí i". Nígbà mìíràn yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Nígbà mìíràn yóò ní "Kò sí èènì lónìí, gàrí ti wọ́n", ẹni náà á sì máa lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọn: èènì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, owó yìí wà nínú òfin. "Àlékún" tó mí, bí a ṣe ń sọ àlékún owó oṣù.

"Ọmọ òrukàn" tí o pe ọmọ àgbàtọ́ náà kò tọ́. Òbí ọmọ àgbàtọ́ lè wà láàyè, kí ó máa jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó bí mi nínú jù ni "aláìgbédè" tí o pe ọmọ tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọmọ mi tó ń kí mi "ẹ káàárọ̀" pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ ni kò gbédè? Lọ́dún tó wọ ilé ẹ̀kọ́, fọ́ọ̀mù kan dé tó bèèrè èdè tí ọmọ kọ́kọ́ sọ. Ìyá rẹ̀ mú bírò, ó fẹ́ kọ "English". Mo di bírò náà mú lórí tábìlì. Ó ní wọn á fi ọmọ sí kíláàsì ọ̀tọ̀. Mo ní ìdánwò ni wọ́n máa ṣe fún un, ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé. A jà díẹ̀. Ó kọ "Yoruba", kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun tán.

Orúkọ tí mo mú wá fún ìlànà náà ni "àwòpín": wò ó, kí o tó pín in. Mo ti mọ̀ pé ẹnìkan á ní àwo oúnjẹ ni. Àmì wà lórí "wò", ẹ kà á bó ṣe wà.

Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Àbúrò, bí o ò bá yọ nǹkan mìíràn, yọ "aláìgbédè". Ti èènì, ẹni tó bá fẹ́ jà á, mo wà nílé.