Ìjálá àti oríkì: kí la fi ń mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì?

Ẹniọlá, Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àwọn ọmọ SS2 ni mo ń kọ́ ní Yorùbá ní Ìkòròdú níbí. Ohun mẹ́ta ń dà wọ́n láàmú, mo sì ń wá ìdáhùn tí mo lè kọ sójú pátákó.

Àkọ́kọ́, ìwé kan sọ pé ìjálá ni ewì ọdẹ tó kún fún oríkì. Ìwé mìíràn ní oríkì fúnra rẹ̀ jẹ́ irú ewì kan. Èwo ni ká mú? Ìkejì, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọn ti kọ́ wọn pé ìlà 14 ni sonnet, irú ewì Gẹ̀ẹ́sì kan, máa ń ní, àti pé ìró ìparí àwọn ìlà rẹ̀ máa ń bára mu. Wọ́n wá irú rẹ̀ títí nínú ewì Yorùbá, wọn ò rí i. Ṣé ewì tiwa ò lófin ni? Ìkẹta, bí ìbéèrè bá ní kí wọ́n tọ́ka sí ọ̀nà èdè, wọ́n á kọ "akéwì lo àwítúnwí", ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Alàgbà Káyọ̀dé, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ìwé méjèèjì ò parọ́. Ohun tí wọ́n fi ń dá ewì mọ̀ ló yàtọ̀.

Àwọn ewì alohùn kan wà tó jẹ́ ohun tó wà nínú wọn àti bí wọ́n ṣe hun ún la fi ń mọ̀ wọ́n. Oríkì, ọfọ̀ àti ẹsẹ Ifá wà níbẹ̀. Ẹ kà wọ́n jẹ́ẹ́ láti inú ìwé, oríkì á ṣì jẹ́ oríkì. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ ohùn tí wọ́n fi ń gbé wọn jáde, àti ẹni tó ń gbé wọn jáde, la fi ń mọ̀ wọ́n: ìjálá, rárà, ẹ̀sà egúngún, ẹkún ìyàwó, ìyẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ohùn kúrò lára ìjálá, ohun tó máa ṣẹ́ kù ni ìbà, oríkì Ògún, oríkì ẹranko bí erin àti ẹfọ̀n, oríkì ìdílé, àti àwàdà díẹ̀. Ìdí nìyí tí oríkì Oníkòyí kan náà fi lè jẹ yọ lẹ́nu ọdẹ tó ń sun ìjálá, lẹ́nu onírárà lóde ìnáwó, àti lẹ́nu ìyàwó tó ń sunkún kó tó kúrò nílé baba rẹ̀. Torí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n to oríkì àti ìjálá sójú kan bí ẹni pé wọ́n ń bára wọn du àyè. Inú ìjálá ni oríkì ń gbé.

Bó bá jẹ́ ọfọ̀, ìhun rẹ̀ ni kí wọ́n wò. Ẹni tó ń pe ọfọ̀ á kọ́kọ́ pe ohun tó fẹ́ lò lórúkọ, á sọ ìwà tí a mọ̀ mọ́ ọn, á wá so ìwà náà mọ́ ohun tí òun ń tọrọ. Orúkọ náà sì máa ń gbé iṣẹ́ tirẹ̀ dání: ẹni tó bá pe ewé àlùpàyídà ń wá bí ọ̀ràn ṣe máa pa dà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí "pa dà" nínú "àlùpàyídà" kò tíì rí ọfọ̀ náà. Ẹsẹ Ifá ní ti rẹ̀ lè ní tó ẹ̀yà mẹ́jọ, láti orúkọ awo tó dífá, ẹni tí wọ́n dá a fún àti ìdí tó fi dá a, títí dé ẹbọ, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo wọn kì í pé nínú gbogbo ẹsẹ.

Ìyá Bọ́lá, Àgbádárìgì

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Alàgbà. Mo fẹ́ fi kún un pé nínú ìdánwò, wọ́n tún máa ń pín ewì alohùn sí ajẹmẹ́sìn àti ajẹmáyẹyẹ. Ìpín yìí dára fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ògiri. Ẹ wo ẹ̀fẹ̀ tó ń bá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rìn, èyí tí wọ́n mọ̀ dáadáa láti Kétu dé Yewa àti apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Òru ni wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀, kí ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jáde lójú ọ̀sán. Òṣèré á kọ́kọ́ júbà, á tọrọ ààbò lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, á súre fún ìlú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tú àṣírí oníwàkíwà, tí àwọn ènìyàn á máa rẹ́rìn-ín, tí àwọn elégbè á sì máa gbè é. Ìjúbà yẹn jẹ́ ti ẹ̀sìn pọ́ńbélé, ẹ̀rín sì jẹ́ ti ayẹyẹ. Bí ọmọ bá fi í sí ìhà kan ṣoṣo, kó sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ àgbègbè pẹ̀lú. Ọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́ ni ẹkún ìyàwó àti rárà ti gbilẹ̀, alámọ̀ jẹ́ ti Èkìtì, ègè ti Ẹ̀gbá, bọ̀lọ̀jọ̀ ti Yewa, dadakùàdà ti Ìlọrin. Máàkì ọ̀fẹ́ nìyẹn, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ nù.

Akínwálé, Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè kejì. Ewì wa lófin, àmọ́ kì í ṣe òfin sonnet. Fáwẹ̀lì, tàbí fáwẹ̀lì aránmúpè, ló máa ń parí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ìyẹn sì kéré jọjọ. Kí ìlà méjì parí pẹ̀lú ìró kan náà kì í ṣe ọgbọ́n kankan nínú irú èdè bẹ́ẹ̀. Ohùn ni akéwì wa fi ń dárà, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Mo hun èyí kí ẹ lè kọ ọ́ sójú pátákó:

Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ò sùn,
Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ò wo,
Ó tẹ́ ẹní omi de ọlọ́kọ̀.
Ẹni tó jí ti dódò,
Ẹni tó sùn wà nílé.
Ẹja ń jó bí ọmọ tó gbọ́ ìlù,
Ta ni yóò kó o bí kò ṣe ẹni tó jí?

Ẹ wo ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún. Sílébù méje-méje ni wọ́n, ìhun wọn sì dọ́gba. "Jí" lọ sókè, "sùn" tó dojú kọ ọ́ lọ sílẹ̀. Nígbà tó dé ìparí, ohùn pa àyè dà: "dódò" já sílẹ̀, "nílé" gòkè. Etí gbọ́ ọ kí ọpọlọ tó rò ó. Ẹ wá fi "wà lábà" rọ́pò "wà nílé". Sílébù ò yí padà, ìtumọ̀ ò sì burú, àmọ́ ìlà méjèèjì já sílẹ̀ síbì kan náà, ewì náà sì kú. Ẹ tún fi "wà nínú yàrá" síbẹ̀. Ohùn gòkè bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n sílébù di mẹ́sàn-án, ìlà karùn-ún sì gùn kọjá ẹnì kejì rẹ̀. Ohun méjèèjì ló gbọ́dọ̀ pé, ìhun àti ohùn. Èyí ni gbólóhùn adọ́gba tí wọ́n ń kà nínú ìwé. Tí wọn ò bá fi àmì ohùn sórí ewì tí wọ́n dà kọ, wọn ò lè rí i láé, torí náà àmì ohùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i.

Kì í ṣe gbogbo ìlà ló ń rí bẹ́ẹ̀ o. Ìlà kẹta dá dúró, kò sì lẹ́ṣẹ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹniọlá, Ìkòròdú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Inú ewì yìí náà, báwo ni ọmọ ṣe máa dáhùn ìbéèrè ọ̀nà èdè tí máàkì rẹ̀ á fi pé?

Ìyá Bọ́lá, Àgbádárìgì

Ohun mẹ́ta ni kó kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ ọ̀nà èdè, ìlà tó wà gan-an, àti iṣẹ́ tó ṣe. Bí àpẹẹrẹ: "Àwítúnwí wà ní ìlà 1 àti 2, níbi tí 'Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ò' ti jẹ yọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi yé wa pé omi kò sinmi rárá." Ìlà kan náà ní ìfohunpènìyàn, torí omi kì í sùn. "Ẹní omi" jẹ́ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́: akéwì ò sọ pé omi dà bí ẹní, ó kàn pè é ní ẹní.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣubú jù ni "bí". Wọ́n á rí "bí", wọ́n á kọ àfiwé tààrà. Àfiwé tààrà ni ti ìlà kẹfà lóòótọ́, nítorí ó gbé ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Ti ìlà keje kò fi nǹkan kan wé nǹkan kan. "Àyàfi" ni ó dúró fún. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n béèrè pé: kí la fi wé kí? Bí ohun méjì ò bá jáde, kì í ṣe àfiwé. Ìlà keje yẹn, ìbéèrè pèsìjẹ ni kí wọ́n pè é, torí ìlà kẹrin ti dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bi í.