Ìdáhùn: «òye jíjò» kọ́, «ìparẹ́» náà sì kọ́

Okun o, ẹ̀yin ará ilé.

Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa ẹnu mọ́, àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Kàbà tún gbé e wá láàárọ̀ yìí, tí wọ́n ní ká kúkú kọ ọ́ sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa, ara mi ò gbà á mọ́. Fún ẹni tí kò bá rí i, àkọlé tí wọ́n kọ nìyí: «Oye jijo tako iparẹ Fordow». Fordow ni ibi tí Ìráànì ti ń sẹ́ uranium, èròjà tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ìwé àṣírí tó bọ́ síta ní Amẹ́ríkà ní Oṣù Kẹfà 2025 ni wọ́n ń pè ní «òye jíjò», èyí tó sọ pé bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Ìráànì kò ṣe tó bí ìjọba ṣe ń pariwo.

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ «òye jíjò» kì í ṣe Yorùbá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti àmì ohùn. Mo fi àkọlé yẹn han àbúrò bàbá mi ní Ìsánlú. Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n na fóònù jìnnà sí ara wọn, wọ́n kà á, wọ́n ní, «Ta ni wọ́n fi joyè tí wọ́n ń jó?» Oyè jíjó ni wọ́n kà. Ta ló fẹ́ dá wọn lẹ́bi?

Ká tiẹ̀ wá fi àmì sí i dáadáa, òye ni ti ẹni tí nǹkan yé. Ọmọ tó tètè gbọ́ ìṣirò, olóye ni. Òyìnbó ló fi orúkọ kan ṣoṣo, «intelligence», pe ọgbọ́n orí àti iṣẹ́ amí, kí ló kàn wá níbẹ̀? Àwa ti ní tiwa. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá, èyí tí wọ́n parí ní 1884, ẹ lọ sí Nọ́ńbà orí 13. Mósè rán ọkùnrin 12 lọ ṣe amí ilẹ̀ Kénáánì, wọ́n lo 40 ọjọ́, wọ́n padà wá jẹ́ ìròyìn. Mẹ́wàá sọ tiwọn, Kálébù àti Jóṣúà sọ tiwọn, ariwo sì sọ nínú àgọ́. Ìròyìn amí ni. Ohun tí DIA, iléeṣẹ́ amí àwọn ológun Amẹ́ríkà, kọ náà nìyẹn, kò yàtọ̀.

«Jò» ńkọ́? Páànù ilé wa ní Mọ̀pà jò fún òjò méjì gbáko. Abọ́ irin ni màmá mi máa ń gbé sábẹ́ rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ tó, tó, tó, títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Páànù yẹn kò mọ̀ pé òun ń jò, kò sì gbèrò rẹ̀. Ìwé DIA kò jò bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ló mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún àwọn oníròyìn, CNN àti New York Times sì gbé e jáde ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Àṣírí tú, ẹnìkan ló tú u. Arábìnrin wa tó kọ̀wé láti Ẹ̀gbẹ̀ ní òfófó lásán ni, wọ́n sì fi òwe lé e pé òfófó kò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Mi ò gbà. Ọpẹ́ wo ló wà níbẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ní kí FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, wá rí? Bóyá wọ́n á ní ọpẹ́ lè gba ibòmíràn wá. Kí wọ́n wí tiwọn.

Ibi tó dùn mí jù ni «ìparẹ́». Ẹ wo bọ́rọ̀ ṣe lọ. Bàálù ogun B-2 méje ti Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù 14, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó nǹkan bíi 13,600 kìlógíráàmù. 12 lọ sí Fordow, tó wà nínú òkè nítòsí Qom, méjì lọ sí Natanz. Ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ló ju mísáìlì ti Isfahan. Lóru ọjọ́ náà gan-an, Trump ní àwọn ti pa ibẹ̀ run ráúráú. Ìròyìn amí wá ní ìdádúró oṣù díẹ̀ ló bá iṣẹ́ átọ́míìkì Ìráànì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkàn àwọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ lé e. Ratcliffe, ọ̀gá CIA, iléeṣẹ́ amí Amẹ́ríkà mìíràn, fèsì pé iṣẹ́ náà bàjẹ́ gidigidi, pé àwọn ibi pàtàkì kan run, pé yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún wọn kọ́. Grossi ti IAEA, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, ní láàárín oṣù díẹ̀ Ìráànì lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ uranium.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń jà lé lórí, ẹ̀yin ará! Ohun tí a bá pa rẹ́, bíi ṣọ́ọ̀kì lójú pátákó, ojú rẹ̀ kò sí mọ́. Ohun tó run, kò ku ẹnì kan tí yóò jẹ́ orúkọ ilé. Àmọ́ ọ̀kadà tó bàjẹ́, mẹkáníìkì wà fún un. Ratcliffe pàápàá, tó ń gbèjà ọ̀gá rẹ̀, «bàjẹ́» ló pe iṣẹ́ náà lápapọ̀, àwọn ibi kan nìkan ló ní ó run. Ẹ̀gbọ́n wá kọ «ìparẹ́» sínú àkọlé láìfi «tí wọ́n ní» ṣáájú. Wọ́n ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó délé.

Ní oko bàbá bàbá mi ní Ìsánlú, ọ̀gán kan wà lẹ́bàá iṣu wọn tó ga jù mí lọ nígbà náà. Wọ́n fi ọkọ́ ṣá a lulẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ikán funfun ń rọ́ káàkiri. Mo ní, «Bàbá, ẹ ti pa á run.» Wọ́n ní, «Mo wó o ni. Ìyá wọn wà nísàlẹ̀.» Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a padà débẹ̀, amọ̀ pupa tútù ti ga dé orúnkún mi. Kí bọ́ǹbù tó dé, Ìráànì ní uranium tó lé ní 400 kìlógíráàmù tí wọ́n ti sẹ́ dé ìdá 60 nínú 100, IAEA kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ló wà lẹ́yìn bọ́ǹbù. Ìyá ikán nìyẹn. «Wó» ni tèmi, títí a ó fi rí ìsàlẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé wa ní Lókójá ní «ráúráú» kì í tẹ̀lé «jó», «run» nìkan ló ń bá lọ. Ìyá ìyá mi kò mọ ìwé, àmọ́ «oko jó ráúráú» ni wọ́n ń wí títí wọ́n fi kú. Kí Ọ̀mọ̀wé lọ bi ẹnikẹ́ni tó ti sun oko rí.

Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀gbọ́n tún kọ ọ́ pé Kruse, tó jẹ́ ọ̀gá DIA nígbà náà, «fi ipò sílẹ̀» ní Oṣù Kẹjọ 2025. Kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ ni.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ń fèsì, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi àmì sí i. Àbúrò bàbá mi ṣì ń béèrè ọjọ́ ìwúyè.