Nọ́ọ̀kì kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo: èsì lórí àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ àtúnrọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ dábàá dípò ti Gẹ̀ẹ́sì fún iṣẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kọ́ ọkọ̀ àti àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí mo bá bá yín fà á díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mẹkáníìkì kò bá lè fi bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo, inú ìwé atúmọ̀ èdè ni yóò kú sí.

> Hot rod: ọkọ̀ gbígbóná.

Ọkọ̀ tí wọ́n ti yí padà kó lè sáré ju bó ti wà lọ ni hot rod. Ẹ má jẹ́ kí ìtumọ̀ yín yìí dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì o. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ yín gbóná, rèdíétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí wò. Yóò wo omi, yóò wo fáànù, yóò sì bi yín bóyá tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni pé ẹ́ńjìnnì tó sọ irú ọkọ̀ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà, gbígbóná náà ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. V8, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ tí Henry Ford gbé jáde ní ọdún 1932, ni mò ń wí: kúbíìkì ínǹṣì 221, agbára ẹṣin 65. Fáàfù rẹ̀ kò sí lókè, inú búlọ́ọ̀kù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà. Èéfín tó bá jó tán ní láti la inú búlọ́ọ̀kù yẹn já, láàárín omi tó yẹ kó máa tu ẹ́ńjìnnì lára, kó tó bọ́ sí páìpù sáíléńsà. Sílíńdà méjì tó wà láàárín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ń pín ihò kan lò, tó fi jẹ́ pé ihò mẹ́ta ni sílíńdà mẹ́rin ń gbà mí jáde. Ooru ọ̀hún ń lọ sínú omi, omi sì ń hó. Ẹni tó bá pè é ní ọkọ̀ gbígbóná kò purọ́, àmọ́ àìsàn ọkọ̀ ló dárúkọ, kò dárúkọ ọkọ̀.

Ohun tí mo fi lélẹ̀ ni "ọkọ̀ àtúnrọ". Àwọn ọ̀dọ́ gúúsù Kalifọ́níà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń sáré lórí àwọn adágún tó ti gbẹ bíi Muroc àti El Mirage, tí ẹgbẹ́ wọn sì para pọ̀ di SCTA (Southern California Timing Association) ní 1937, kò tún ọkọ̀ ṣe rárá. Ẹni tó tún nǹkan ṣe dá a padà sí bó ti wà. Àwọn wọ̀nyí ń yọ mọ́gáàdì, wọ́n ń yọ bọ́ńpà, wọ́n ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ mọ́ ṣáàsì, wọ́n sì ń gé òrùlé: wọ́n ń tún un rọ ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbi òrùlé gígé yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀. Àwọn òpó tó gbé òrùlé ró ni wọ́n ń gé kúrú, kí òrùlé lè relẹ̀. Kí ayùn tó kan òpó kankan, wọ́n á kọ́kọ́ jó irin mọ́ inú ọkọ̀ ní ìbú àti ní ìdábùú. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ara ọkọ̀ yóò ṣí díẹ̀ ní kété tí òrùlé bá kúrò, ilẹ̀kùn kò sì ní padé mọ́ láéláé. Ká ní ínǹṣì mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ gé. Òpó iwájú dagun sẹ́yìn, kò dúró ṣánṣán. Bí wọ́n bá wá gbé òrùlé sọ̀ kalẹ̀ tààrà, ẹsẹ̀ òpó tòkè yóò balẹ̀ sí ẹ̀yìn orí òpó tìsàlẹ̀, wọn kò ní pàdé. Òrùlé ti kúrú ju ara ọkọ̀ lọ nìyẹn. Ọ̀nà méjì ló kù: kí wọ́n tẹ òpó ìsàlẹ̀ sẹ́yìn sí i, tàbí kí wọ́n gé òrùlé ní ìbú, kí wọ́n sì fi pánù kún un láàárín. Wẹ́dà kò gbọdọ̀ jó o lọ gbọọrọ. Yóò kàn án ní ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún, yóò jẹ́ kó tutù, torí pé pánù tó bá gba ooru lójú kan á lọ́. Gíláàsì tó tẹ́jú, irú oníbejì tó ní awọ láàárín, ṣeé gé láti bá a mu. Gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, bí abẹ bá ti kàn án báyìí, ó di ẹ̀rún.

> Ẹnì kan ti wí lánàá pé "rọ" kò bá a mu, nítorí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni, ti iná àti òòlù.

Iná wo ló tún kù? Òòlù wo? Kí pọ́tì aláwọ̀ eérú tí pánẹ́ẹ̀lì bítà ń kùn lóde òní tó dé, òjé yíyọ́ ni wọ́n fi ń dí ojú jíjó. Wọ́n á fi iná rọ òjé náà títí yóò fi dà bí àmàlà tó le díẹ̀, wọ́n á wá fi pátákó kékeré tí wọ́n ti fi ìda oyin pa tẹ́ ẹ. Fáìlì ni wọ́n fi ń fá a lẹ́yìn náà, wọn kì í fi yanrìn gbo ó, torí májèlé ni ekuru òjé. Bí èyí kì í bá ṣe rírọ, mi ò mọ ohun tí rírọ jẹ́. Òótọ́ ni pé ẹni tó pààrọ̀ kábúrétọ̀ nìkan kò rọ nǹkan kan. Kó máa wí pé òun pààrọ̀ kábúrétọ̀.

Ẹ rántí pé àwọn tó ń rọ ọkọ̀ nítorí eré yàtọ̀ sí àwọn tó ń rọ ọ́ nítorí ẹwà. Ọkọ̀ Mercury 1951 tí Sam àti George Barris, tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ń rọ ọkọ̀ ní Kalifọ́níà, rọ fún oníbàárà wọn Bob Hirohata ní 1952, ẹwà ni. Lẹ́tà K ni ilé iṣẹ́ wọn fi kọ "Kustom" síta gbangba, dípò C tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, ẹnikẹ́ni kò sì pa wọ́n. "Àtúnrọ eré" àti "àtúnrọ ẹwà" yóò tó wa lò.

> Torque: agbára. Horsepower: agbára ẹṣin.

Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀tì táyà yóò já èyí. Bí sípánà bá fún nọ́ọ̀tì dé ibi tí kò lè yí mọ́, torque ṣì wà lórí rẹ̀, ó lè tó 80 tàbí 90 ní ìwọ̀n pọ́ùn-ẹsẹ̀ (pound-feet), àmọ́ agbára ẹṣin ibẹ̀ jẹ́ òfo, nítorí kò sí ohun tó ń rìn. Ohun méjì ni wọ́n. "Ipá ìlọ́" ni mo fẹ́ fún torque. Ẹ sọ ipá ìlọ́ di ìlọ́po iye yíyí ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú kan, ẹ pín in sí 5252, agbára ẹṣin nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìlà ipá ìlọ́ àti ìlà agbára ẹṣin fi máa ń pàdé níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ti yí ní ìgbà 5252 ní ìṣẹ́jú kan lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì, bí wọ́n bá fi pọ́ùn-ẹsẹ̀ wọn ipá ìlọ́, tí wọ́n sì ya àwọn méjèèjì lórí òṣùwọ̀n kan náà.

> Knock: ìgbiná àìtásìkò. Ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì: ẹ́ńjìnnì tó gbiná láìtásìkò.

Ibí gan-an ni ìjà wa wà. "Nọ́ọ̀kì" ti di orúkọ ohun mẹ́rin lẹ́nu wa, oògùn ọ̀kan sì lè jẹ́ ikú èkejì.

Ìkíní ni ohun tí àwọn tó ń rọ ẹ́ńjìnnì ń pè bẹ́ẹ̀. Pọ́lọ́ọ̀gì ti tanná lásìkò tó yẹ, iná sì ń ràn kiri nínú sílíńdà jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ olépo tó kù ní kọ̀rọ̀ ti gbóná, ìfúnpá ti pọ̀ lórí rẹ̀, kí iná tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ó ti dá gbiná fúnra rẹ̀. Ìró rẹ̀ dà bíi ti òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì, ó sì ń dún jù nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè pẹ̀lú gíà ńlá. Ẹni tó bá fá ẹ́ẹ̀dì (ìdérí ẹ́ńjìnnì) kí ìfúnpá lè ga, tàbí tó mú kí pọ́lọ́ọ̀gì máa tanná ṣáájú àsìkò jù, tàbí tó gbé tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, sí i tí kò sì wá ohun tí yóò tu afẹ́fẹ́ náà lára, òun ló máa ń rí i. Oògùn rẹ̀ ni kí ó dá àsìkò iná pọ́lọ́ọ̀gì padà sẹ́yìn ní dígírì méjì, kó tún dán an wò, kó ra epo tí ọ́kítéènì rẹ̀ (ìwọ̀n bí epo kì í ṣe é tètè dá gbiná) ga sí i, kó sì dín ìfúnpá tọ́bò kù. Bí ó bá gbọ́ ọ tí kò dá a lóhùn, orí písítìn yóò dà bí igi tí ikán ti jẹ, etí tí ríìnì jókòó lé á sì kán. "Àdágbiná" ni orúkọ tí mo bá a wá.

Ìkejì ni "ìgbiná àìtásìkò" yín, ó sì bá a mu rẹ́gí. Èyí ni ti èédú tó lẹ̀ mọ́ sílíńdà tó ń pọ́n wàì, tàbí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì tó gbóná jù, tí wọ́n tanná sí epo kí pọ́lọ́ọ̀gì tó ṣíṣẹ́. Èyí burú ju àdágbiná lọ, nítorí ó lè má pariwo títí yóò fi dá písítìn lu. Ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ fún un.

Ìkẹta ni mẹ́tàlì kọnrọ́ọ̀dù tó ti jẹ. Kọnrọ́ọ̀dù ni ọ̀pá tó gbé písítìn; mẹ́tàlì ni ìbòrí tó wà láàárín rẹ̀ àti irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín mẹ́tàlì àti irin tó ń yí nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan tí irin náà fi fẹ̀. Irin tó fẹ̀ tó ínǹṣì méjì, ìdá méjì péré ni tirẹ̀. Bí àlàfo bá ti pọ̀ jù, ọ́ìlì á sá jáde níbẹ̀, gééjì ọ́ìlì á wálẹ̀, irin á wá máa kan irin. Ìró èyí wúwo, ó ń ti ìsàlẹ̀ wá, ó sì ń bá eré ẹ́ńjìnnì lọ. Bí mẹkáníìkì bá yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, sílíńdà tí ìró náà bá rọlẹ̀ nígbà tí wáyà rẹ̀ kúrò ni olè ọ̀hún. Ẹ jẹ́ ká máa wí pé "mẹ́tàlì ń kan", bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

Ìkẹrin, èyí tí dírẹ́bà wa ní lọ́kàn bó bá ní "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì", ni pé kò yí mọ́. Sípánà gígùn lórí nọ́ọ̀tì púlì kò sún un. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí kí ọkọ̀ tó dáyé: ó ti gan.

Ẹ wo ohun tí àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ń fà. Ẹni tí àdágbiná ń bá jà, tó lọ bèèrè, wọ́n ní nọ́ọ̀kì ni, ó lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ nígbà tí dígírì méjì ìbá wo ọkọ̀ sàn. Ẹlòmíì, mẹ́tàlì rẹ̀ ló ń kan, ó ń da oògùn ọ́kítéènì sínú epo títí ọ̀pá fi la ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù jáde.

> High-performance driving: eré àsápajúdé.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, a kò lè gbà á lọ́wọ́ wọn. "Eré àfọgbọ́nsá" ńkọ́? Ohun tí wọ́n ń kọ́ lórí pápá eré kò ju ìnáwó lọ: iye kan ni owó ọwọ́ táyà, ìyẹn agbára tó fi ń di ilẹ̀ mú. Bí o bá ná gbogbo rẹ̀ sórí bùréèkì, kò sí èyí tí wàá fi kọ́nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ bùréèkì nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà tààrà, tí wọ́n á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìtọ́kọ̀ ṣe ń yí, tí wọ́n á sì máa fún un níná (kí wọ́n tẹ epo) bí ìtọ́kọ̀ ṣe ń padà.

> Understeer: àìyító. Oversteer: àyíjù.

Ó dùn létí, àmọ́ ọwọ́ dírẹ́bà ló ń nà sí. Nínú understeer, dírẹ́bà ti yí ìtọ́kọ̀ tó, ó tiẹ̀ lè ti yí i kọjá bó ti yẹ. Táyà iwájú ni kò dì í mú mọ́, tí imú ọkọ̀ fi ń lọ tààrà sínú koríko. Bí ẹ bá pè é ní àìyító, akẹ́kọ̀ọ́ á tún yí i sí i, ohun tó burú jù tó lè ṣe nìyẹn. Kó rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kó dín yíyí kù, iwájú á tún di ilẹ̀ mú. Orúkọ tó ń tọ́ka sí táyà tó yọ̀ ló máa ràn án lọ́wọ́: "ìyọ̀wájú" àti "ìyọ̀dí".

Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín sí "ìyọ̀dí". Ẹ rín in tán. Bí ìdí ọkọ̀ bá yọ̀ sọ́tùn-ún, ọ̀tún ni kí a yí ìtọ́kọ̀ sí, lójú ẹsẹ̀, kí a sì tètè dá a padà bí ọkọ̀ ti ń tọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jù wá sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tí ẹ̀rù bà tó já ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà ló ń dá kún un: ẹrù ọkọ̀ á sún síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, á sì yọ̀ tán pátápátá. Àwọn tó ń rọ ọkọ̀ náà lè pààrọ̀ èwo ló máa kọ́kọ́ yọ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá tó nípọn so ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì pọ̀ níwájú, ìyọ̀wájú á pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá ṣe é lẹ́yìn, ìyọ̀dí ni.

Ẹnì kan lè ní "yọ̀" yìí jọ ti ìdùnnú, ó sì jọ iyọ̀ ọbẹ̀. Kó lọ bi àwọn ará Bonneville ní Utah, níbi tí SCTA ti ń gbé ìdíje wọn ṣe láti 1949. Orí iyọ̀ ni wọ́n ti ń sáré, ọkọ̀ sì ń yọ̀ níbẹ̀ dáadáa.

"Àyíjù" yín kò ṣòfò ṣá o. Ẹ jẹ́ ká fi í pe àṣìṣe dírẹ́bà tó rí i pé iwájú ti yọ̀, tó sì tún ń yí ìtọ́kọ̀ lọ.