Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń fọwọ́ bo ẹnu bó bá ń rẹ́rìn-ín

Ìyá Tóbi:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí nílẹ̀ àwọn Navajo, ní Arizona, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Diné ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn ló nilẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin kan wà ní kíláàsì mi, ìyá ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Eyín iwájú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lókè ti jẹrà, ó ku kùkùté. Bí a bá pín ápù, á lá a, á sì dá a padà sínú abọ́. Kó tó rẹ́rìn-ín, á ti fọwọ́ bo ẹnu.

Àwọn Diné yìí kan náà ló máa ń ṣàsè bí ọmọ ọwọ́ bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín o! Ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín ló ń gbé àsè náà, wọ́n á sì fún àlejò ní iyọ̀ òkúta pẹ̀lú oúnjẹ.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyí: mo rí ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú fídà ọmọ náà, mo bá sọ fún màmá àgbà lójú àwọn òbí yòókù pé, "Mà, ẹ̀yin lẹ̀ ń ba eyín ọmọ yìí jẹ́." Wọn ò fèsì. Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíì ló ń wá mú ọmọ. Ilé ìwòsàn ti fi oògùn kan kun eyín náà, ó sì dúdú kirikiri, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tún ní àfi káwọn fún un lóògùn oorun káwọn tó lè tún ìyókù ṣe, oṣù márùn-ún sí i ni wọ́n dá. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Àgbà Mọ́níyà:
Eyín ọmọdé ni, yóò ṣáà bọ́. Ẹ wá pákò fún un.

Nọ́ọ̀sì Eyín:
Bàbá, ẹ má bínú. Ti iwájú ló ń bọ́ lọ́mọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ti ẹ̀yìn ń dúró di ọdún 10 sí 12. Ṣé erìgì ni yóò fi jẹun títí dìgbà náà? Bí ìjẹrà bá wọ gbòǹgbò, ó lè ba eyín àgbà tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ jẹ́.

Ìyá Tóbi, New Mexico lèmi wà, mo mọ oògùn yẹn: silver diamine fluoride. Fàdákà inú rẹ̀ ń pa kòkòrò, fluoride ń mú eyín le. Ibi tó ti kẹ̀ nìkan ló ń dúdú. Kò lábẹ́rẹ́, kò ní ká gbẹ́ eyín. Kì í dí ihò ṣá o, ìjẹrà ló ń dá dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tàbí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má dúró de oṣù márùn-ún, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ṣé ẹ bèèrè bóyá wọ́n lómi nílé? Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ilé nílẹ̀ Navajo ni kò ní omi ẹ̀rọ. Ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lápapọ̀, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń ta èso tútù ò ju bíi 13 lọ. Ilé epo ló sún mọ́ni, ṣúgà ló sì kún ibẹ̀. Ìjọba Navajo fúnra wọn fowó orí lé ìpápánu àti ohun mímu aládùn lọ́dún 2014.

Ìbéèrè 13 kan wà táwọn oníwádìí ṣe lọ́dún 2007 fún òbí àwọn ọmọ kékeré: ṣé eyín ń dun ọmọ, ṣé ó ń sùn, ṣé kì í fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mẹ́rin ìkẹyìn, ti ará ilé ni. Ọ̀kan níbẹ̀ ni bóyá ọkàn òbí ń dá a lẹ́bi. Ẹ̀bi ti wà lọ́rùn màmá yẹn kẹ́ ẹ tó fi kún un. Oorun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Àgbàlagbà lẹ bá wí lójú ọmọdé. Ẹ má fi ìwé ránṣẹ́ o, ẹsẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ fi lọ. Ẹ gbé omi dání.

Ìyá Tóbi:
Mo lọ ní Sátidé. Mo kúnlẹ̀, ó yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní kí n dìde nínú eruku. Mo bèèrè oorun bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Ẹ̀yin èèyàn mi, akokoro kì í jẹ́ kọ́mọ náà sùn! Fídà yẹn ló ń pa á lẹ́nu mọ́ lóru. Èmi rò pé àkẹ́bàjẹ́ ni.

Mo ti kọ ọ́ fún ilé ìwòsàn pé kì í sùn, kì í lè jẹun. Wọ́n fà á wá sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì Eyín:
Ó ṣeun. Ẹ ní kí wọ́n máa fi omi la ohun mímu inú fídà náà díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́, títí yóò fi di omi lásán. Ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, kó má ju èso ẹ̀wà kan lọ. Kó tu ú dà, kó má fomi yọ ẹnu.

Ìyá Tóbi:
Mo gbọ́ mà. Nígbà tí mo ń lọ, màmá náà bi mí pé ta ló kọ́kọ́ pa Tóbi lẹ́rìn-ín. N ò rántí. Wọ́n ní àwọn ló pa tọmọ yìí.